Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi lọ wo ojú ogun àtijọ́: ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Sójà Bóma (Ìtòkò)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá tí ó bí bàbá mi wà lára àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Bóma (tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí mo gbọ́njú, bàbá ti di arúgbó tí ó máa ń jókòó sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé. Ohun kan ṣoṣo tí ó fi hàn pé wọ́n lọ sójú ogun ni agolo pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń rọ áṣáà sí. Wọ́n ti fi ìṣó ha nọ́ńbà sí ìdí agolo náà. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí, wọn a ní, "Òjò ibẹ̀ kì í dá." Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí wọ́n fi papòdà.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, èyí àgbà ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ti pinnu pé ní ìsinmi tí ń bọ̀ yìí, n ó mú wọn lọ sí ibi tí wọn yóò ti fi ojú ara wọn rí ohun tí ogun jẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà má baà jẹ́ eré orí fóònù lásán lójú wọn. Mo ro ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí ó wà ní Umuahia. Àbúrò mi kan tí ó wà ní Faransé ní kí a wá sí Normandy, etíkun tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí nínú ogun kan náà. Bóma gan-an sì ni ọkàn mi fà sí jù, ṣùgbọ́n owó kì í ṣe ewé. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí a ṣe kí àwọn ọmọ má baà kàn ya fọ́tò kí wọ́n sì padà sílé? Báwo sì ni ọ̀nà ìlà-oòrùn ṣe rí báyìí?

Tíṣà Ìtàn

Ẹ kú àníyàn àwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìtàn nílùú yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì máa ń rí i pé ọmọ tí ó mọ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Normandy kò mọ̀ pé ogun kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Abẹ́òkúta rẹ́. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni Arò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ni wọn yóò sọ. Nítorí náà, Arò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1851 ni Gezo ọba Dàhòmì, ìjọba àtijọ́ kan ní ilẹ̀ tí ó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí, kó ogun wá bá wa. Ọdún mọ́kànlélógún péré ni àwọn Ẹ̀gbá tíì lò lábẹ́ Olúmọ nígbà náà, Ṣódẹkẹ́ tí ó ṣáájú wọn débẹ̀ sì ti kú láti ọdún 1845. Àwọn ará Ìṣàgà, tí ọba Dàhòmì rò pé wọ́n ti di tirẹ̀, ní kí ó wá lọ́sàn-án, kí ó sì gba ìhà Arò wọlé. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ránṣẹ́ sí àwọn Ẹ̀gbá lábẹ́lẹ̀, ìhà ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti tún odi ṣe. Obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Dàhòmì tí ó ń gun odi náà. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n ń bá jà, inú bí wọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n sì lé ogun náà padà. Gelele ọmọ Gezo tún gbìyànjú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún 1864, òun náà kò sì rí ìlú wọ̀.

Bí ẹ bá gun Olúmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ agbéniròkè gbé àwọn ọmọ dé òkè tààrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ inú ihò àpáta náà, kí wọ́n tẹ̀ ba, kí wọ́n sì wo àwọn kòtò kéékèèké tí àwọn ìyá wa fi ń lọ ata sínú àpáta. Àwọn tí ó sá àsálà fún ẹ̀mí wọn ṣì ní láti jẹun alẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gun òkè, kí wọ́n wá odò Ògùn lápá ìwọ̀-oòrùn. Ìhà ibẹ̀ ni ogun ti wá. Bí ọmọ bá ti dúró lórí àpáta yẹn tí ó sì fi ìka rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀nà tí ogun gbà wọlé, kò sí ìwé tí mo lè fún un tí yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé Umuahia, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Àbúrò mi obìnrin ni ó fẹ́ ọmọ ìhà ibẹ̀, a sì lọ pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kíní ọdún 1985 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, èyí tí ó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé tí Ogun Abẹ́lé parí. Ibi tí Biafra ti ń gbé ohùn rédíò rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ọkọ̀ ojú omi ogun kan, NNS Bonny, dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì máa ń ya àwọn ọmọdé lẹ́nu gan-an. Ẹ ó rí ọkọ̀ onírin tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rọ nígbà tí wọn kò rí tòkèèrè rà, ẹ ó sì rí bọ́ǹbù ògbunigwe tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn ṣe. Apá kan wà fún ohun ìjà ayé àtijọ́, apá kan fún àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, apá kan fún Ogun Abẹ́lé fúnra rẹ̀.

A dé apá kẹta yìí, ìyá ọkọ àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n di òpó ilẹ̀kùn mú, wọ́n tẹ́tí sí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣàlàyé fún wa fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì padà lọ jókòó sábẹ́ igi níta. Nígbà tí mo tọ̀ wọ́n lọ, wọ́n sọ fún mi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àwọn nígbà ogun, pé ẹ̀yìn àwọn ni àbúrò àwọn wà nígbà tí ebi pa á kú lójú ọ̀nà, àwọn sì gbé e rìn títí ilẹ̀ fi ṣú nítorí àwọn rò pé oorun ni ó ń sùn. Ọmọ mi tí ó ti ń ya fọ́tò láti àárọ̀ wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò ya fọ́tò kankan mọ́ lọ́jọ́ náà, èmi kò sì sọ fún un pé kí ó má yà á.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe dá lọ bí ẹni tí ń lọ ọgbà ẹranko. Ẹ wá ẹni tí ó mọ ibẹ̀ bá yín lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbàlagbà ibẹ̀ kan bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ bí ó bá fẹ́. Ní ti ọ̀nà, ojú mọmọ ni kí ẹ máa rìn. A sùn ní Benin lọ, a sùn ní Asaba bọ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ọjọ́ Ajé ṣe rí kí ẹ tó mú ọjọ́, nítorí láti ọdún 2021 ni àwọn ènìyàn ti ń jókòó sílé lọ́jọ́ náà ní ìhà ibẹ̀. Bí ẹ bá sì ń sọdá afárá odò Ọya láti Asaba sí Onitsha, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn ọmọ ogun Biafra já afárá yẹn lẹ́yìn ara wọn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, kí ogun Nàìjíríà má baà lè tẹ̀ lé wọn.

Ohun kan kù. Bí ẹ bá ti Umuahia dé, ẹ mú wọn lọ sí ibi ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mosàn wa níbí. Ọmọ Òwu yìí ni ó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ọmọ ogun tí àwọn aṣáájú Biafra tọ̀ wá láti túúbá ní oṣù Kíní ọdún 1970. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ogun kan náà láti ẹnu méjèèjì.

Ọmọ Ìṣàgà

Mo kí gbogbo ilé. Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ wa, nítorí ọ̀pọ̀ ni kì í dárúkọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ dá ìtàn náà dúró síbi tí ó ti dùn.

Dàhòmì kò gbàgbé ẹ̀tàn tí àwọn bàbá wa tàn án. Ní oṣù Kẹta ọdún 1862, Gelele yọ sí Ìṣàgà, ó sun ìlú náà, ó pa àwọn kan, ó sì kó èyí tí ó kù lẹ́rú. Ọdún mọ́kànlá ni Dàhòmì fi di ẹ̀san náà sínú. Ìyá bàbá mi kì í jẹ́ kí a pe orúkọ Dàhòmì lálẹ́. Bí ọmọdé bá sì sọ pé àwọn Ẹ̀gbá lé ogun lọ ní Arò, wọn a dáhùn pé, "Wọ́n lé e lọ lóòótọ́, ilé wa ni ó yà sí." Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Ọmọ Sójà Bóma, bí ẹ bá ti kúrò ní Arò, ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn kí ẹ dé Ìṣàgà-Orílé. Ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kò ní rí ilé ńlá tí wọ́n kó nǹkan sí. Ilẹ̀ ni ẹ ó rí, àti àwọn ènìyàn tí ó padà wá tẹ̀ ẹ́ dó.

Tíṣà Ìtàn

Mo gba ìbáwí yín, ọmọ ìyá mi. Láti ọdún yìí lọ, n kò ní parí ẹ̀kọ́ náà sí ọdún 1851 mọ́.

Arìnrìn-àjò Ìbarà

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ ẹnu méjèèjì tí Ìyá Ìbejì sọ, torí ohun tí ó gbé mi dé Abomey, olú ìlú Dàhòmì àtijọ́, nìyẹn. Láti Cotonou, ẹ ó wọ ọkọ̀ lọ sí àríwá títí ẹ ó fi dé Bohicon, Abomey sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ààfin ọba Dàhòmì ti wà lára àwọn ibi tí àjọ UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé láti ọdún 1985. Wọ́n fi amọ̀ ya àwòrán sára ògiri wọn, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ àwòrán ogun. Ìtẹ́ Gezo, tí wọ́n gbé ka orí agbárí àwọn ọ̀tá mẹ́rin, wà lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin náà. Nígbà tí mo dúró síwájú ògiri kan tí jagunjagun ti di ọ̀tá rẹ̀ mú lọ́rùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlà ojú Ẹ̀gbá lójú ẹni tí wọ́n dì mú náà. N kò mọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹni tí ó ń mú mi rìn fi béèrè ìlú mi. Mo ní Abẹ́òkúta. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì tún bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé ìgbà yẹn ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Àwọn Faransé náà kó Dàhòmì lẹ́rù nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1892. Ohun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ẹrù náà ni wọ́n dá padà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n kó wọn sí àti àwọn yàrá tí ó ṣí sílẹ̀, kí ẹ tó lọ. Ẹ fi sefa sápò, kí ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ pé. Bí ààyè bá sì gbà yín, ẹ yà sí Kétu níbi tí ẹnubodè Àkàbà Ìdènà ṣì wà. Abẹ́òkúta kò ní odi tí ọmọ lè fi ọwọ́ kàn bí ti ibẹ̀. Dàhòmì fọ́ Kétu ní ọdún 1886, ẹni tí ó bá sì dúró lẹ́nu bodè yẹn yóò mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ọmọ Ìyá Ìgbájọ

Ẹ má gbàgbé Kírìjì, ẹ jọ̀ọ́. Ogun tí àwọn Yorùbá bá ara wọn jà jinlẹ̀ ju èyí tí a bá àjèjì jà lọ, bóyá nítorí rẹ̀ ni a kì í fi í fẹ́ mú ọmọ lọ síbẹ̀. Ọdún 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó para pọ̀, sì dojú kọ ara wọn láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìró ìbọn tuntun tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó rà ránṣẹ́ sílé ni a fi sọ ogun náà lórúkọ. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí ibùdó ní ọdún 1885 láìrí òpin rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, síbẹ̀ ọdún 1893 ni wọ́n tó tú ká pátápátá.

Ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Laderin lè gbé yín dé Ìbàdàn, kí ẹ tó gba Òṣogbo lọ lójú títì. Orí òkè ni kí ẹ ti wo àfonífojì náà. Ó ṣe tóóró débi pé ẹni tí ó wà ní ibùdó kan yóò máa gbọ́ orin ibùdó kejì lálẹ́. Ilé ìyá mi ni Ìgbájọ, Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi. Mo ti dúró lórí òkè méjèèjì.

Ọmọ Ìjẹùn ní Lyon

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Faransé. Normandy dára, ibojì àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Colleville-sur-Mer lé ní 9,000, ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn a sì máa mú ẹnu ènìyàn dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìhà ibí, Chasselay, lẹ́bàá Lyon, ni kí ẹ mú àwọn ọmọ dúdú yín wá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì pa àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tí wọ́n ti mú níbẹ̀, wọ́n sì ya aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀. Ibojì tí ó sún mọ́ igba ni ó wà nínú ọgbà tí wọ́n mọ odi pupa yí ká, bí ilé ìhà Senegal. Wọ́n tilẹ̀ fi bàálù gbé erùpẹ̀ láti Dakar wá sínú rẹ̀.

Ní ti Bóma, ìhà Arakan tí àwọn bàbá wa ti jà kò ṣeé lọ báyìí, ogun mìíràn ń jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Taukkyan, lẹ́bàá Yangon, àwọn òpó ìrántí kan wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí a kò rí ibojì wọn sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn. Ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ti gbé gbogbo orúkọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè fi orúkọ wá ènìyàn, ẹ sì lè fi nọ́ńbà wá a. Nọ́ńbà tí ó wà nídìí agolo yẹn ńkọ́? Ṣé ó dá yín lójú pé ti bàbá ni?

Ìyá Ìbejì Kútọ̀

Ìbéèrè rere. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Sójà Bóma (Ìtòkò)

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì.

A bẹ̀rẹ̀ láti ilé gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ti wí. Ní Olúmọ, ọmọbìnrin mi kejì ki ọwọ́ bọ kòtò ìlọta kan nínú ihò àpáta, ó yí ìka rẹ̀ ká inú rẹ̀, ó ní ó dán bí inú abọ́. Ó jókòó tì í títí tí a fi ní kí ó dìde. Lórí òkè, mo ní kí wọ́n tọ́ka sí ibi tí Dàhòmì gbà wá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tọ́ka sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a tó rí odò náà. A yà sí Itá Ìyálóde, mo sì sọ fún wọn pé Ẹfúnróyè Tinúbú ni ó pèsè ohun ìjà fún àwọn Ẹ̀gbá ní ọdún 1864, ìyẹn ni wọ́n fi fi í jẹ Ìyálóde. Ní Arò, a kò rí nǹkan kan tí ó jọ odi níbi tí a rìn dé. Ọkọ̀ àti ọ̀kadà ni ó kún ojú ọ̀nà. Ọmọkùnrin mi àgbà ní òun rò pé ojú ogun máa ń ní àmì. Mo ní kí ó dúró síbẹ̀ kí ó ka ọ̀rọ̀ tí Ọmọ Ìṣàgà kọ lórí fóònù mi sókè fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ó kà á dé "ilé wa ni ó yà sí", ó sì dá fóònù padà fún mi. Ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀ lé e ni a lọ Ìṣàgà-Orílé. Umuahia ni yóò kàn nínú oṣù Kẹjọ, ìyá ọkọ ẹnìkan ní ibi iṣẹ́ mi yóò sì bá wa lọ. Ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ fún Abomey ti wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ agolo ńkọ́. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ìjẹmọ̀, wọ́n tú àpótí, wọ́n sì bá mi wá ìwé ìdásílẹ̀ bàbá lẹ́nu iṣẹ́ sójà. Nọ́ńbà bàbá wà lókè ìwé náà. Mo dojú agolo dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà kan náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò ó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn fọ agolo yẹn, àwọn rò pé nítorí áṣáà ni.

Láti ọjọ́ náà ni èmi àti àwọn ọmọ ti ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí a ń wá ẹni tí ó ni nọ́ńbà náà nínú orúkọ àwọn tí wọ́n kọ sára òpó Taukkyan. Nọ́ńbà méjì nínú rẹ̀ ti parẹ́ díẹ̀, a kò sì mọ̀ bóyá mẹ́ta ni ọ̀kan tàbí mẹ́jọ, nítorí náà ni a ṣe ń wá a lọ́nà méjèèjì. Ọmọbìnrin mi ni ó ń di agolo náà mú sábẹ́ iná.